Imí Ọjọ́ Nínú Garawa Mi

Àwọn aràn kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun tí wọn kò ní ẹnu, tí wọn kò ní ìfun, síbẹ̀ wọ́n gùn jù mí lọ. Ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú àpáta ni wọ́n ń gbé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò dé rí. Bakitéríà, àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gbé inú wọn tó ń wá oúnjẹ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ̀wé nípa àwọn aràn yìí láìfojú kan ẹyọ kan, bí àpọ́n tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó.

Nígbà tí ààyè kan ṣí nínú ọkọ̀ ìwádìí tó ń lọ sórí agbami, ọ̀gá tó ń yan àwọn èrò inú ọkọ̀ náà fún mi ní ìdánwò kan ṣoṣo: kí n mú ẹ̀dá mìíràn tó ń jẹun bíi tiwọn wá láàyè, ó kéré tán, mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú ti inú ẹrẹ̀ ilé rẹ̀, kí ló fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀ òkun?

Mo mọ ibi tí irú ẹ̀dá oníkarahun bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ní Ugbonla, nínú ẹrẹ̀ dúdú abẹ́ àwọn igi tó fi gbòǹgbò dúró sínú omi bí ẹni gun àgéré. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń yan ẹja lórí pèpéle pákó lókè mi.

"Ọkọ mi, o kàwé kàwé, ẹrẹ̀ ló wá kù?"

"Màámi, ẹran ni mò ń wá."

"Ẹran wà lórí ààrò. Gòkè wá jẹun, òórùn rẹ ń bá ẹja mi jà."

Méjìlá ni mo rí wà jáde, funfun báláú, tí ìkarahun wọn méjì padé bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mẹ́fà níbẹ̀ láìbi mí, nítorí pé ẹni tó bá wa nǹkan lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn, ìpín onílé gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó kó tirẹ̀ sínú abọ́ omi iyọ̀ tí wọ́n bù nígbà tí òkun kún, kí wọ́n lè pọ ẹrẹ̀ inú wọn kó tó sè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń pààrọ̀ omi náà. Èmi kó tèmi sínú garawa, mo rọ ẹrẹ̀ kún un dẹ́nu, mo dé e, mo sì fi náílọ̀nù wé e yíká kí òórùn má baà jáde.

"Kí ló dé tí o fi ń tọ́jú òórùn?"

"Oúnjẹ wọn ni, màámi. Imí ọjọ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Òpó ìjọ ni. "Imí ọjọ́ tí wọ́n kó pamọ́ de àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀?"

"Òun náà ni. Igi ìdáná ló jẹ́ fún wọn. Bakitéríà ń gbé níbi tí ẹran yìí fi ń mí, wọ́n ń sun imí ọjọ́ bí igi, agbára tó bá jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ."

"Ayálégbé ló wá ń bọ́ onílé. Ilé yẹn wù mí."

Mo na ìka sókè, mo sì ka gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé mi fún un: àwọn ẹ̀dá yìí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ oòrùn. Ó ṣí páànù orí ààrò díẹ̀, èéfín rú, iná ràn.

"Iná tí o ní wọ́n ń dá yẹn, níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?"

"Màámi, àpèjúwe lásán ni."

"Iná kì í gbọ́ àpèjúwe."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kàwé máa ń rẹ́rìn-ín báyẹn.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, mo tú náílọ̀nù. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò bẹ́ sómi nítorí òórùn náà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n ti kú. Mo jókòó sórí pákó. Nínú ẹrẹ̀, ẹran yìí a máa la ihò sókè fún omi tó ní afẹ́fẹ́, a sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ wá imí ọjọ́. Ó nílò méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aràn abẹ́ òkun. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n sì ń lò, ewéko inú oòrùn ló ṣe é, tí omi gbé e wálẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ rí, ní lẹ́tà wínníwínní, nísàlẹ̀ ojú ewé.

Ìgbà náà ni mo rántí mẹ́fà tó kù. Mo sáré wọ ilé ìdáná. Púpùrú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, ti délẹ̀, ọbẹ̀ ń hó, méjì ti wà nínú ìkòkò.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè wọ́n!"

"Ìpín mi ńkọ́? Tìrẹ dà?"

"Wọ́n ti kú."

"Kí ló pa wọ́n?"

Ó gbé ṣíbí dání, ó ń dúró. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

"Mo dé iná wọn pa, màámi."

Ó gbé abọ́ náà fún mi. Mo fọwọ́ kan àwọn mẹ́rin inú rẹ̀, wọ́n pa ìkarahun dé kíá. Àmọ́ ó ní èmi ni n óò jẹ méjì inú ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Ó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí wọ́n fi ìṣáná rò. Mo bi í pé ṣé òun kò ní tọ́ ọ wò ni.

"Èmi? Kí n jẹ oúnjẹ ọ̀run àpáàdì lọ́jọ́ Olúwa?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé garawa sáàárín orúnkún nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Igbókòdá, ẹrẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, omi lókè, láìní ọmọrí. Kò pẹ́ tí ìjókòó ọ̀tún àti òsì mi fi ṣófo.

"Alàgbà, ẹ dé nǹkan yẹn!" ni awakọ̀ pariwo.

Gbogbo ọkọ̀ gbè é. Wọ́n bú mi, wọ́n bú ilé ìwé tó kọ́ mi. N kò dé e. Mẹ́rin wọ ọkọ̀, mẹ́rin gúnlẹ̀ láàyè, mo sì rí ààyè mi gbà sórí agbami.