Bí Wéèjì Kan Ṣe Dá Ilé-Iṣẹ́ Lọ́rì Lẹ́bi

Adájọ́ kan wà l'Ékòó tó dìde kí mi nínú kóòtù, tó ṣí irun àtọwọ́dá funfun tí àwọn adájọ́ ń dé kúrò lórí, tó ní èmi ló yẹ kí n jókòó sórí àga òun. Èmi tí mo kàwé dé sítáńdáàdì fọ́ọ̀ péré! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ohun tójú mi rí l'Ápápá ni mo fẹ́ rò fún yín.

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ bí eṣú. Amúkòkò ni mò ń gbé, mo sì ń ru sìmẹ́ńtì fún ilé-iṣẹ́ lọ́rì kan ní Warehouse Road. Èmi àti Làmídì, aládùúgbò mi, la jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun náà ló máa bẹ̀ yín.

Àwọn lọ́rì yẹn ńkọ́? Pàǹtí! Ẹ fa hándìbíréèkì wọn títí, bí ìgbà téèyàn ń fa ìrù òkú ewúrẹ́ ni. Ṣé wọ́n wá tún un ṣe? Rárá o! Wọ́n gé pákó kúkúrú, wọ́n pè é ní wéèjì, wọ́n ní kí dírẹ́bà máa fi há ẹ̀yìn táyà tó bá ti páàkì. Tó bá ń lọ, á gbé e kọ́ sí ìkọ́ lẹ́yìn lọ́rì. Alákòóso sítóò wọn, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni Àpápá, fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà lọ́rì kọ̀ọ̀kan sára wéèjì tiẹ̀, kí àwọn olè má bàa gbé e lọ tà ní Malu Road. Ta ló fẹ́ jí pákó gbé?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dírẹ́bà lọ́rì nọ́ńbà méje páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú wáháòsì, tòun ti ẹrù sìmẹ́ńtì, ó bá tiẹ̀ lọ jẹ ẹ̀bà. Kò fi wéèjì há táyà. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, láìpariwo. Làmídì kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń to àpò. Lọ́rì fún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ ògiri. Ọsibítù ni wọ́n ti gé e.

Wéèjì ṣì wà lórí ìkọ́. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e relé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí máníjà ilé-iṣẹ́ náà wí. Ó ní bíréèkì lọ́rì òun dá ṣáṣá. Kó má dá ṣáṣá kẹ̀, nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì! Ó ní Làmídì ló gun orí lọ́rì lọ ṣeré, tó tú hándìbíréèkì. Àgbàlagbà ọlọ́mọ mẹ́rin ló ń fi lọ́rì ṣeré! Wọ́n ní àwọn ò ní sanwó ọsibítù, àwọn ò sì ní fún un níṣẹ́ tó lè jókòó ṣe, àfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun lòun jẹ̀bi. Sìfáwù, ìyàwó rẹ̀, ní ọkọ òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Ó lọ wá lọ́yà.

Lọ́yà ṣàlàyé fún wa pé kí lọ́rì kàn tẹ èèyàn ò tó. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan bàjẹ́, tí wọn ò sì bìkítà. Ta ló máa jẹ́rìí? Ọkùnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ní ilé ìtọ̀ lòun wà. Òmíràn, ará Ajégúnlẹ̀, ní, "My brother, my eye dey pain me that day." Ojo ni gbogbo wọn! Irùngbọ̀n lásán ni wọ́n ń gbé kiri.

A dé kóòtù. Lọ́yà ilé-iṣẹ́, tó ń fi imú sọ gẹ̀ẹ́sì, rí wéèjì lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi ìdáná Ajégúnlẹ̀ lèyí. Mo yí i padà. Ọ̀dà funfun, nọ́ńbà méje!

Adájọ́ bi máníjà bóyá ọ̀dà wọn ni. Òmùgọ̀ náà gbé àyà sókè, ó ní kò sí ohun tó ń jáde ní sítóò àwọn tí kò ní nọ́ńbà. Adájọ́ ní kí wá ni wọ́n ń fi ṣe?

"Lọ́rì tí hándìbíréèkì rẹ̀ ò bá mú la máa ń fún, Sà."

Máníjà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n. Wọ́n jẹ̀bi! Wọ́n sanwó ọsibítù, wọ́n sì fi Làmídì ṣọ́ géètì, níbi tí máníjà ti ń rí i láràárọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé tí lọ́rì bá ṣe yín lọ́ṣẹ́, ẹ má kàn máa pariwo. Ẹ wo abẹ́ táyà, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ mú ohun tó fi hàn pé wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n tó wá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, ẹ má ṣàánú ilé-iṣẹ́ kankan nínú rẹ̀.

Adájọ́ ò dìde kí ẹnikẹ́ni, ìyẹn ẹ ti mọ̀. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo yọ wéèjì yẹn, èmi kọ́ ni mo gbé e wọ kóòtù. Sìfáwù ni. Ọkọ rẹ̀ ti máa ń ráhùn nípa wéèjì wọ̀nyẹn nílé, nítorí náà bó ṣe sáré dé wáháòsì lọ́jọ́ náà tó rí i lórí ìkọ́, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn ọkùnrin tí mo ní wọ́n panu mọ́ kì í sì í ṣe márùn-ún. Mẹ́fà ni wá, mo kàn fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí ẹlòmíràn lẹ́nu ni. Èmi ni mo ní ilé ìtọ̀ ni mo wà.