Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi Rí Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí a tún kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ ṣe ní Ayétòrò kò lè kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ti ti ibodè pa, ẹrù Kútọnu kò wọlé mọ́, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sì ti di ọ̀wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti lọ́ra débi pé wọ́n ń sá lọ bá Màmá Ṣadé, tí òun náà ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí kọ̀ǹpútà náà kò bá yá sí i lọ́jọ́ náà, òun á kógbá wọlé.

A ra mẹ́mọ́rì, pátákó pẹlẹbẹ tó ń mú kọ̀ǹpútà yára, ṣùgbọ́n kò wọ ojú ihò rẹ̀. Bàbá wa rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ máa ń gbéyàwó láìwádìí ilé rẹ̀ ni? Ẹ yọ ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi wá ọmọ ìyá rẹ̀."

A wá a káàkiri, a kò rí i. Bí a ṣe ń padà bọ̀, Màmá Ṣadé pè wá.

"Dúpẹ́, kí lẹ rọra gbé dání bí ẹyin yẹn?"

Nígbà tó gbọ́, ó fa òkú kọ̀ǹpútà kan jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mẹ́mọ́rì inú rẹ̀ bá tiwa mu rẹ́gí! A fi méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà wa, ó sì ṣí kí n tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo ayọ̀ sí Màmá Ṣadé lódìkejì.

"Ẹ ṣé, Mà! Àmọ́ màá gba oníbàárà yín o."

"Gbà wọ́n! Bí o bá kógbá wọlé, ta ni n ó máa bá jà láàárọ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá Ṣadé dúró lódìkejì, ó ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.