Ìbọ̀wọ́ Ìyá Kẹ́mi

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, bí mo ti jókòó ti tíì nínú ilé wa ní Lilburn ní Amẹ́ríkà, ọkàn mi sì sá lọ sí oko bàbá wa lẹ́yìn Ìkirè, níbi tí wèrèpè ti máa ń gun igi kòkó.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ wèrèpè. Irun ara èso rẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń gbé kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í fi ara pamọ́. Bó bá ti kan ọmọdé, ojú ẹsẹ̀ ni yóò bọ́ aṣọ, tí yóò máa fò sókè sódò, tí àwa yòókù yóò sì máa pàtẹ́wọ́ fún un: "Ẹ wá wo oníjó." Ìyá àgbà á po eérú mọ́ epo pupa, á fi pa á lára. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa ti gbàgbé.

Nítorí náà, epo pupa ni mo fi pa ọwọ́ mi. Kò rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́mi ọmọ wa, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Duluth nítòsí wa, yà kí mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fa ọwọ́ mi síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Dádì, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi ọwọ́ yín sè ni?"

Ó ní poison ivy ni, ewé mẹ́ta-mẹ́ta tó máa ń fà mọ́ fẹ́ǹsì wa. Kì í yúnni lójú ẹsẹ̀ bíi wèrèpè; ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara tó pọ́n, kí ó sì lé ròrò olómi, èyí tó sábà máa ń tò tẹ̀léra níbi tí ewé ti gbà kọjá.

"Ẹsẹ̀ mi ò dé ìdí fẹ́ǹsì láti ìgbà òtútù."

Ó tún un wò. Tèmi kò tò bẹ́ẹ̀. Ó yí ọrùn ọwọ́ mi ká bí ẹ̀gbà.

"Kí lẹ wọ̀ sọ́wọ́?"

Ìbọ̀wọ́ aláwọ ìyá rẹ̀ ni, èyí tó fi tu koríko gbẹ̀yìn kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀. Orí ìṣó ni ó wà nínú gáréèjì látìgbà tí a ti sin ín. Lọ́jọ́bọ̀, mo kàn fà á wọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe.

Kẹ́mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wá ní oje ewé náà lè wà lára nǹkan ju ọdún kan lọ, pé awọ kò sì ṣeé fọ̀ tán. "A máa ní láti jù ú nù, Dádì."

"Mo gbọ́."

Ó fi ọ̀rá wé ọwọ́ rẹ̀, ó fi mú ìbọ̀wọ́ náà sínú ọ̀rá mìíràn, ó dì í pa. Èmi ni mo gbé e jáde.

Wọ́n ní ilé ti bo oko Ìkirè. Ìyá àgbà ti lọ, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ sì ti fọ́n ká. Ìpara tí Kẹ́mi rà wà lórí tábìlì. Ó ní bí mo bá ń lò ó déédéé, ohun tó wà lọ́wọ́ mi yóò tètè parẹ́. Mò ń lò ó, ṣùgbọ́n n kò kánjú kí àmì ìbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ mi.