Ọwọ́ Tó Nà Sókè ní Ìlà Kẹta

Ọdún kẹrìnlá rèé tí obìnrin náà ti ń gbé maíkì kiri nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Àǹtí Onímaíkì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ kò pé márùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò díjú: kí ó to irínwó àga, kí ó gbé omi síwájú ẹni tó wá sọ̀rọ̀, kí ó pààrọ̀ bátìrì, nígbà tí alága bá sì ní "Ó kan ìbéèrè," kí ó sáré tọ ẹni tí alága bá nawọ́ sí. Òfin méjì ni ọ̀gá gbọ̀ngàn fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́. Àkọ́kọ́: má ṣe jọ̀wọ́ maíkì fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni kí o dì í mú sí wọn lẹ́nu. Èkejì: ìwọ alára kò ní ọ̀rọ̀ kankan sọ níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ nínà bí i tirẹ̀. Ẹni tó bá na bírò sókè ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, ojú ewé méjì kò sì ní í gbà á. Ẹni tó bá ń ta ìka pá-pá-pá, inú ló ń bí i. Ẹni tó bá dìde kí wọ́n tó pè é kò ní ìbéèrè rárá, kí wọ́n ṣáà rí òun ló bá wá. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Irọ́ ni. Àǹtí Onímaíkì mọ̀ ọ́n. Àwọn alága ni kì í fẹ́ mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, olórí dókítà ilé ìwòsàn ojú ló wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ojú. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni dókítà yìí kan náà ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún ìyá Àǹtí Onímaíkì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì, òkùnkùn biribiri ni. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni akọ̀wé ojú fèrèsé ti ní dókítà kò sí lórí ìjókòó. Ojú òsì náà ti wá ń ṣe kùrukùru. Ìdí nìyí tó fi mú ìyá rẹ̀ wá, tó fi í sí ìlà kẹta, létí ọ̀nà, tó sì kọ́ ọ ní gbólóhùn méjì.

"Màámi, ẹ tún un sọ."

"Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún mi, n ò fi í ríran mọ́. Ọjọ́ wo lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ó parí. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

"Ṣé n ò ní í sọ bó ṣe ń ta mí lóru ni?"

"Ẹ má sọ ọ́. Ẹ bi í, kí ẹ dákẹ́."

"Háà, ọmọ tí mo bí ti di sójà."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè. Alága, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì, kọ́kọ́ nawọ́ sí ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kí alága, ó kí dókítà, ó kí ìyàwó dókítà tí kò sí níbẹ̀. Ó dárúkọ ìwé tí òun kà, ó dárúkọ èyí tí ọmọ òun ń kà lọ́wọ́, ó wá ní: "Ìbéèrè mi kì í ṣe ìbéèrè gan-an, àlàyé díẹ̀ ni." Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Apá ń ro Àǹtí Onímaíkì níbi tó ti di maíkì sí i lẹ́nu. Ó ń wo aago ògiri, ó ń wo ìlà kẹta. Ìyá rẹ̀ kò lè rí ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọn kò pè. Ó kàn na ọwọ́ sókè síbẹ̀ bí òpó iná.

Ẹnì kejì pẹ́ dé, ó sì béèrè ohun tí dókítà ti fi wákàtí kan ṣàlàyé. Wọ́n tún un ṣàlàyé fún un. Ẹnì kẹta, olùkọ́ kan tí kì í pa ìpàdé jẹ, ní ìbéèrè mẹ́ta ni òun ní, àmọ́ ẹ̀kẹta pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyọ kan," ni Àǹtí Onímaíkì rọra wí.

"Ta ló bi ọ́?" Ó já maíkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ké látẹ̀yìn: "Ẹ bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì wá o!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò dá a dúró. Irínwó èèyàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mí kanlẹ̀, wọ́n ń tẹ fóònù, nígbà tó sì parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn ló jẹ̀bi jù.

Àǹtí Onímaíkì gba maíkì padà. Alága wo aago. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù," ó ní, ó sì nawọ́ sí ọkùnrin kan tó wọ jígí ojú ní ìlà kẹrin, tó ti wà lórí ìdúró tipẹ́.

Àǹtí Onímaíkì rí ìka náà dáadáa. Láti ọdún mẹ́rìnlá, kò ṣì í rí. Ó rìn dé ìlà kẹta, ó dúró, ó gbé maíkì sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

"Kì í ṣe ìyá yẹn," ni alága wí.

"Ẹ máa sọ ọ́, Màámi."

Ìyá la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó ti fi odindi ìdajì wákàtí gbọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. "Mo kí alága wa," ó ní, "mo kí dókítà wa àgbà, mo kí ìdílé wọn, mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó..."

"Ìbéèrè dà?" Oníjígí ló jágbe látẹ̀yìn. "Ìyá, ìbéèrè!"

Àwọn tó kù gbè é: "Ìbéèrè! Ìbéèrè!" Àwọn tó dákẹ́ fún ojúlùmọ̀ alága fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò lè dákẹ́ fún arúgbó fún ìṣẹ́jú kan. Ìdààmú bá ìyá, gbólóhùn méjèèjì fò lọ. "Ojú... ojú náà..." Alága ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ.

Àǹtí Onímaíkì yí maíkì sí ẹnu ara rẹ̀.

"Dókítà, ìyá mi nìyí. Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún fún wọn, wọn ò fi í ríran mọ́, òsì náà ti ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la ti wá. Ọjọ́ wo lẹ máa yẹ̀ wọ́n wò?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "A kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn ní gbangba, màdáàmù. Ẹ rí akọ̀wé mi." Àwọn èèyàn tún pàtẹ́wọ́.

"Akọ̀wé ló ń lé wa padà. Ọjọ́ wo?"

"Ẹ gba maíkì lọ́wọ́ ẹ̀!" ni alága pariwo.

Ta ni yóò gbà á? Òun gan-an ni wọ́n máa ń rán láti gbà á lọ́wọ́ èèyàn.

"Ọjọ́ wo, sà?"

Dókítà wo irínwó ojú tó ń wò ó. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mọ́ńdè," ó ní. "Aago mẹ́jọ."

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín?"

"Èmi fúnra mi."

Àǹtí Onímaíkì pa maíkì.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú u. Ó kàn tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ó ní, "Kọ́kọ́rọ́." Àǹtí Onímaíkì kó kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́, ó padà lọ fa ìyá rẹ̀ dìde.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá di apá ọmọ rẹ̀ mú gírígírí.

"Aago mẹ́jọ kọ́ la máa lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ó ní. "Aago mẹ́fà ni. Ká bá a lẹ́nu géètì, kó má baà ráyè sá."