Ohun tí Kúbúrá Sọ fún Dókítà

Gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tí Sabirah ń wọ̀ láti kékeré, ìyá rẹ̀ ló ń rán an, gbogbo wọn ló sì gùn délẹ̀. Aránṣọ ni Kúbúrá, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ní Tudun Wada lókè Ọya, bó sì ṣe mọ bí a ṣe ń fi aṣọ bo nǹkan mọ́lẹ̀, kò lẹ́gbẹ́. Ibà kan ló rọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ òsì kó tó pé ọdún méjì. Kúbúrá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àìsàn náà. Lójú tirẹ̀, àìsàn tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ pè, ó ti gbà á lálejò nìyẹn. Bí wọ́n bá bi Sabirah pé ara ńkọ́, èsì kan ṣoṣo ló kọ́ ọ: "Ara le, alhamdulillah."

Ìgbà tí ọmọ wọ yunifásítì ni wàhálà dé. Àjà kẹta ni wọ́n ti ń ṣèdánwò. Ilé ìwé ní àwọn lè gbé tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bó bá ti lè mú ìwé dókítà wá pé kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ìyá àti ọmọ jọ lọ sí ọsibítù. Èrò pọ̀ lọ jàra. Dókítà kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi béèrè pé, "Báwo ni ẹsẹ̀ náà?"

Kí Sabirah tó yanu, ìyá rẹ̀ ti fèsì. "Alhamdulillah, Dókítà. Ó ti fúyẹ́. Ó ń rìn dáadáa."

Ọmọ wo ni yóò já ìyá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Dókítà kọ ohun tó gbọ́.

"Màmá, ìwé yẹn ò ní ṣiṣẹ́ o," ló wí nígbà tí wọ́n jáde.

"Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí wọ́n kọ àrùn mọ́ orúkọ rẹ."

Bí ilé ìwé ṣe fi ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ sí àjà kẹta nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Kúbúrá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí ọmọ dé. Aṣọ ló kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Síkẹ́ẹ̀tì náà ti ya ní orúnkún méjèèjì, eruku sì ti kún inú rẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé bí ọmọ òun ṣe gun àtẹ̀gùn náà.

"Ṣé o débẹ̀?"

"Mo débẹ̀, Màmá. Wọ́n ti ń gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ àwọn yòókù nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ náà gún Kúbúrá lọ́kàn. Ó fẹ́ bẹ ọmọ rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀, ó sì di orúnkún ọmọ náà tó ti bó mú.

"Sannu, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Sabirah gbójú kúrò lára ìyá rẹ̀.

"Ara le," ló wí. "Alhamdulillah."