Àgbá Òjò Màámi ní Temple

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí àgbá ike mẹ́ta. Àwọn ọdún 1980 ni, à ń gbé ní àdúgbò Temple, ní Calgary, ní ilẹ̀ Canada. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ engineering nígbà náà, ìwé kíkà sì ti jẹ́ kí n rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹfà láti bá wa tọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ padà sílé. Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe? Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ, ẹ̀rọ ló ń fọ abọ́. Tí ọmọ bá ti sùn, wọ́n á kàn jókòó sójú fèrèsé. Àánú wọn ń ṣe èmi àti Bùnmi ìyàwó mi, bẹ́ẹ̀ a nílò wọn gidi.

Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé ló kọ́kọ́ mú ara wọn yá. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ibí tutù jù, pé ẹ̀rù ló ń ba ewébẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, wọ́n rí bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rò ṣe ń ṣàn lọ sínú koríko, wọ́n sì bi mí pé ta la ń fi omi tí Ọlọ́run bù fún wa sílẹ̀ fún.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, kùkúmbà inú fínígà ni wọ́n ń dì, wọ́n sì máa ń kó àgbá tó bá ṣófo dà nù. Mo tọrọ mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Òórùn fínígà ọ̀hún kò kéré! Ọjọ́ mẹ́ta ni Màámi fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ wọ́n. Mo fi ayùn gé ihò sí ọmọrí fún páìpù òrùlé, mo fi táàpù sí ìsàlẹ̀, a wá gbé wọn lé orí bíríkì kí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Màámi ló pàṣẹ pé ká má gba omi òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀, nítorí òrùlé ni ìyẹn ń fọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ pé àwọn ń lọ sílé tán lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá jí, àgbá ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ wò.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, mò ń múra ìdánwò. Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Túnjí, ṣé ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ dé níbí? Ṣé kí n pọnmi kún àgbá pa mọ́?”

Mo ní, “Ẹ̀n, Màámi, ẹ pọn ọ́n.” Mi ò gbójú sókè.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin tó mọ ilé ṣe kì í jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn bá àgbá òun lófìfo. Wọ́n pọn gbogbo rẹ̀ kún dé etí, wọ́n fi ọ̀rá bò wọ́n, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Èmi tí mo ti lo winter mẹ́ta ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́!

Àárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù kẹwàá, a gbọ́ gbàà lẹ́yìn ilé. Omi ti di yìnyín, ó ti la àgbá méjì láti òkè délẹ̀, táàpù ẹ̀kẹta sì ti já. Nígbà tí mo fi máa ti school dé, Màámi ti ń di ẹrù. Wọ́n ní àwọn ti di ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ nílé ọmọ, kí n wá ọkọ̀ òfúrufú fún àwọn.

Mo ní kí wọ́n má bínú, àgbá pọ̀ níbi iṣẹ́, màá gbé òmíràn wá. Wọ́n ká aṣọ kan sínú àpótí.

“Túnjí, kì í ṣe àgbá ló ń dùn mí. Mo bi ọ́. Nílé tiwa, bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, ènìyàn á wo ojú mi kó tó dá mi lóhùn.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí carpet, ojú tì mí gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tì wọ́n, tí mo ṣàlàyé winter fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ń béèrè, mò ń dáhùn, títí ọmọ fi jí. Lọ́jọ́ kejì, mo rí àpótí wọn lófìfo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, àmọ́ ọwọ́ ẹni tí wọ́n bi ló kù sí. Màámi béèrè, èmi ọmọ wọn ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba òbí lálejò lókè òkun, kí lẹ ti dáhùn rí láìgbójú sókè? Ẹ má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan, ẹ sọ tiyín náà.