Imú Ajá Mi Tó Bu

Gbogbo ọjà Okaishie ló ń pè mí ní Hajia, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà kò mọ̀ mí rí. Ìpara ni mò ń tà níbẹ̀, ajá mi ló sì ń ṣọ́ ìsọ̀. Ṣàdédé ni ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ihò imú rẹ̀ kan, ikun ń tẹ̀lé e, etí ihò náà ń funfun, ó ń bó.

Ọkọ mi, tí kì í jẹ́ kí ajá fara kan jàlábíà òun, dúró lókèèrè, ó ní, "Obìnrin yìí, ọ̀fìnkìn ni. Ọyẹ́ ti dé."

Ọyẹ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò lọ. Èmi náà wá gbọ́n. Imú rẹ̀ jọ làpálàpá lójú mi, ni mo bá mú ìpara làpálàpá lórí pẹpẹ, mo fi kùn ún. Ajá lá a tán, ó tún ń wojú mi bóyá ó kù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí, títí tí kò fi jẹun mọ́, tí kò sì gbó ẹnikẹ́ni.

Ká gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran wá di ogun. Takisí kò gbà wá. Ọmọ ọkọ̀ trotro, bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀, wo ajá, ó wò mí, ó ní èmi nìkan lè wọlé. Aboboyaa, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó páálí ọṣẹ, ló padà gbé wa. Ọkùnrin kan fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá nílẹ̀ wọn kígbe láti ẹ̀gbẹ́ títì pé, "Alata, ẹ tún ti ń ta ajá?"

Mo ní, "Ọkọ ni mò ń wá fún un. Ṣé o ti gbéyàwó?"

Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Hajia, inú imú rẹ̀ ló bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á jẹ eegun imú rẹ̀ dé ojú." Ó ní àwọn á fi oògùn kùn ún lóorun, àwọn á wá da oògùn mìíràn kún inú imú náà, àwọn á sì máa yí i bí ẹni ń yan ẹja, kí ó lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ ìyá oògùn inú ìpara làpálàpá ni oògùn náà.

"Ṣebí mo ti ń fi pa á."

"Ẹ̀ ń fi bọ́ ọ ni, Hajia."

Ó tún ní ajá náà ti rù jù, ó lè má jí lójú oorun oògùn náà. Mo jókòó síta. Ẹnu mi ń sọ pé ajá lásán ni, ìdí mi kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Ó jí. A tún padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí imú náà tó gbẹ. Ó ń jẹun, ó ń gbó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣí ìdérí ìpara kí oníbàárà gbóòórùn rẹ̀, tó jọ ti oògùn dókítà, ajá á ti sá sọdá títì, á máa ti ọ̀hún gbó èmi tí mo wò ó sàn.